Láti Toulouse Dé Etíkun: Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Canal du Midi

Gúúsù ilẹ̀ Faransé la wà lónìí, ẹ̀yin olùwòran wa. Ẹ wo omi gígùn tó gba àárín igi kọjá yìí. Canal du Midi nìyẹn, ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ ẹ. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ létí rẹ̀ láti ìlú Toulouse yóò rin nǹkan bí 240 kìlómítà kó tó dé adágún Thau, létí Òkun Mẹditaréníà, kò sì ní pàdé òkè kan tó máa mú un mí hẹlẹ.

Kí ló fà á? Omi ni: omi kì í gun òkè, ọ̀nà tó wà létí rẹ̀ náà sì tẹ́jú. Àmọ́ ilẹ̀ tó wà láàárín Toulouse àti òkun yìí ga láàárín. Ní Naurouze, ó fi 189 mítà ga ju òkun lọ. Òjò tó bá rọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn ibẹ̀, Òkun Àtìláńtíìkì ló ń ṣàn lọ. Èyí tó bá rọ̀ sí ìlà-oòrùn, Mẹditaréníà ni. Ta ló máa wá pọn omi sórí ibẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi yóò fi rí ọ̀nà gbà? Pierre-Paul Riquet, tó ń gba owó orí iyọ̀ fún ọba, ló rí ọgbọ́n ẹ̀ dá. Ó kó omi àwọn odò kéékèèké orí òkè Montagne Noire jọ, ó la ọ̀nà fún un wá sí Naurouze, kó lè máa ya sí apá méjèèjì. Wọ́n tún mọ ìsédò ńlá sí Saint-Ferréol kí omi má bàa tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọdún 1666 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ṣe é, àwọn obìnrin wà nínú wọn. Riquet kú ní 1680. Ọdún kejì ni wọ́n ṣí i. Ó máa ń dùn mí pé kò fojú ara rẹ̀ rí ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká gun kẹ̀kẹ́ wa wàyí. Láti Toulouse títí dé ìtòsí Naurouze, nǹkan bí 50 kìlómítà, ọ̀dà ni wọ́n dà sójú ọ̀nà, ó ń dán. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ múra. Òkúta wẹ́wẹ́, iyanrìn àti gbòǹgbò igi ló kù, bí òjò bá sì ti rọ̀, ẹrẹ̀ ni. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè gbà á. Táyà tó fẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má sì fẹ́ ẹ le jù.

Ẹ gbé omi dání dáadáa. Láti 2006 ni wọ́n ti rí àrùn kan tó ń pa àwọn igi plane tó ṣíji bo ọ̀nà yìí. Wọ́n ti gé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lulẹ̀, wọ́n sì ń gbin òmíràn, àmọ́ oòrùn ń pa èèyàn láwọn ibi tí igi kò sí mọ́. Oṣù karùn-ún tàbí ìkẹsàn-án ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹ jẹ cassoulet ní Castelnaudary: ẹ̀wà funfun tí wọ́n sè pẹ̀lú ẹran, iná jẹ́jẹ́ ló ń jẹ. Ẹ ó rí odi àtijọ́ Carcassonne. Ní Malpas, omi wọ inú òkè lọ, ó bọ́ sí òdì kejì. Ṣùgbọ́n Fonserannes, nítòsí Béziers, ni kẹ́ ẹ ti dúró pẹ́. Ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni ń sọ àtẹ̀gùn: wọn á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nínú yàrá omi, wọn á jẹ́ kí omi fà, wọn á ṣí ilẹ̀kùn iwájú, á bọ́ sí yàrá ìsàlẹ̀. Ó ju 20 mítà lọ tó fi ń sọ̀ kalẹ̀.

Láti Marseillan-Plage dé Sète, òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, adágún wà lósì. Atẹ́gùn Cers máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Toulouse, kó lè máa tì yín lẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ padà, ibùdókọ̀ ojú irin wà ní Sète, TER, ọkọ̀ ojú irin agbègbè, sì ń gba kẹ̀kẹ́.