Òdòdó Tó Dọ̀bálẹ̀ fún Afẹ́fẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Òdòdó tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, bí ẹ bá ń gun òkè tí ẹ ò wolẹ̀ dáadáa, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Saxifraga oppositifolia ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Kì í sábà ga ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Ewé rẹ̀ kéré, méjì-méjì ni wọ́n ń kọjú síra lára ẹ̀ka, òdòdó rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ elésè àlùkò.

Saxifraga tó ṣáájú nínú orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí “afọ́kúta” ní èdè Látìn. Àpọ́nlé lásán ni. Omi tó dì nínú àpáta ló ń la àpáta. Ojú ibi tó ti là ni òdòdó yìí ń wá gbòǹgbò rẹ̀ sí, pàápàá níbi tí òkúta ẹfun bá wà.

Ó wà lórí òkè Alps, ó wà ní Scotland, Norway àti Iceland. Lọ́dún 2011, ìròyìn jáde pé wọ́n rí i ní ibi tó ga ju 4,500 mítà lọ, nítòsí ṣóńṣó òkè Dom ní Switzerland. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dì lálaalẹ́, àní nígbà ẹ̀rùn pàápàá.

Báwo ló ṣe wá ń yè? Èmi ò gbà pé agbára ìfaradà nìkan ni. Àwa tá a dúró lórí òkè, afẹ́fẹ́ tó ń ṣí fìlà lórí wa là ń pè ní ojú ọjọ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá dọ̀bálẹ̀, tí a gbé àyà lé àpáta, ojú ọjọ́ mìíràn la ó bá níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ a rọlẹ̀, òkúta tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀ a máa tu ooru jáde. Ewéko tó tẹ́ bí ẹní sórí ilẹ̀ báyìí, bí oòrùn bá mú, ooru inú rẹ̀ lè fi dígírì 10 ju ti afẹ́fẹ́ òkè orí rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ilé rẹ̀. Ẹni tó bá fi gíga òkè nìkan wọn ibùgbé rẹ̀, ó ti ṣì í wọ̀n.

Nígbà ẹ̀rùn èṣí ló ti di ìrudi tó máa tanná lọ́dún yìí. Ọjọ́ díẹ̀ péré lẹ́yìn tí òjò dídì bá yọ́, òdòdó ti là, àwọn oyin ńlá onírun sì ti dé. Bí oyin ò bá wá, ó lè fi lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó ara rẹ̀ so èso.

Ní Svalbard, àwọn erékùṣù Norway tó wà ní àríwá jìnnà, irú méjì ló wà. Èyí tó ń fà nílẹ̀ ń gbé ibi tí omi yìnyín ti pẹ́ kó tó gbẹ. Èyí tó ṣù jọ bí ìrọ̀rí wà lórí gegele gbígbẹ, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbá òjò dídì lọ.

Òtútù kọ́ ló ń pa á. Òjìji ni. Bí koríko gíga bá hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò lè na ọrùn bá a du oòrùn.