Ta Ló Ni Dátà Náà? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Síso Àwọn Sọ́fítíwíà Ilé-iṣẹ́ Ńlá Pọ̀

Ẹ kú ìjókòó o, mo sì dúpẹ́ pé ẹ wá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé fún mi ni bí ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe lè mú kí àwọn sọ́fítíwíà rẹ̀ máa gbọ́ra wọn yé. Ohun tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀rọ kọ́ ló le nínú iṣẹ́ yìí. Ibi tó le ni kí àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ fẹnu kò lórí ohun tí dátà kọ̀ọ̀kan ń sọ, àti lórí ẹni tó ni ín.

Ẹ jẹ́ ká mú òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá gbà á síṣẹ́ lónìí, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ á kọ orúkọ rẹ̀ sínú sọ́fítíwíà tiwọn. Àwọn tó ń san owó oṣù ní òmíràn. Ímeèlì rẹ̀ wà nínú ìkẹta, káàdì tó fi ń ṣílẹ̀kùn wà nínú ìkẹrin. Bí àwọn sọ́fítíwíà yìí kò bá mọ ara wọn, ẹnì kan ní láti tẹ orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sì ní pẹ́ tí àṣìkọ á fi wọ ọ́. Ìyẹn ṣì kéré. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ náà bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Wọ́n á tètè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú owó oṣù, torí pé owó ló ń lọ níbẹ̀. Káàdì ńkọ́? Ímeèlì ńkọ́? Ẹni tí kò sí níbi iṣẹ́ mọ́ ṣì lè wọlé lóru, ó ṣì lè ka lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni ká so sọ́fítíwíà kọ̀ọ̀kan mọ́ èkejì tààrà. Ìyẹn dára bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta. Bí wọ́n bá di 10, tí gbogbo wọn sì ní láti bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìsopọ̀ 45 la máa ṣe. Bí wọ́n bá di 20, ó di 190. Ilé-iṣẹ́ tó ní 50 yóò nílò 1,225. Ẹnì kan ló kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹni náà sì lè ti lọ. Ẹ ṣe àyípadà kékeré sí ọ̀kan, mẹ́ta mìíràn á dákú, kò sì ní sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe dá sọ́fítíwíà agbedeméjì sílẹ̀, èyí tó ń dúró láàárín àwọn yòókù láti bá wọn jíṣẹ́ fún ara wọn. Lọ́dún 1993, ilé-iṣẹ́ IBM gbé irú rẹ̀ kan, MQSeries, jáde: ẹni tó ń ránṣẹ́ á fi iṣẹ́ náà sínú ìlà tí wọ́n ń pè ní queue, ẹni tí wọ́n rán an sí á sì mú un nígbà tó bá ráyè. Àǹfààní ibẹ̀ pọ̀ gan-an. Bí sọ́fítíwíà owó oṣù bá wà lórí àtúnṣe láti alẹ́ di òwúrọ̀, kò sí ohun tó sọnù. Iṣẹ́ ń dúró dè é. Kafka, sọ́fítíwíà agbedeméjì mìíràn tí ilé-iṣẹ́ LinkedIn ṣe tí wọ́n sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́dún 2011, lọ jìnnà sí i: ó máa ń tọ́jú ohun tó ti kọjá, kí ẹni tó pẹ́ dé lè kà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ bá mi fara balẹ̀ síbí yìí, torí ó ti ná ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ lówó. Sọ́fítíwíà àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí èkejì pé kó san owó kan fún oníbàárà. Èkejì san án, ó sì fèsì pé òun ti san án. Nẹ́tíwọọ̀kì já lójú ọ̀nà, èsì náà kò dé. Àkọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ òun kò jẹ́, ó tún un rán. Owó jáde lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sẹ́ni tó ṣìṣe nínú àwọn méjèèjì. Ohun tó ń dènà rẹ̀ ni pé kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹni tó ń gbà á sì máa kọ nọ́ńbà tó ti ṣe sílẹ̀. Bí nọ́ńbà kan bá tún padà wá, kó dá èsì àkọ́kọ́ padà, kó má sanwó mọ́. Ẹ má ṣe gba ìsopọ̀ kankan lọ́wọ́ ẹni tí kò lè fi èyí hàn yín.

Síbẹ̀, iṣẹ́ lè jẹ́ láìsí ìdíwọ́, kí ọ̀rọ̀ sì bàjẹ́. NASA, àjọ tó ń rí sí ojú òfuurufú ní Amẹ́ríkà, rán ọkọ̀ Mars Climate Orbiter lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars ní oṣù Kejìlá ọdún 1998. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1999, wọ́n pàdánù rẹ̀. Sọ́fítíwíà Lockheed Martin, ilé-iṣẹ́ tó bá wọn ṣe ọkọ̀ náà, ń fi pound-force, òṣùwọ̀n agbára kan, ka agbára tí àwọn ẹ̀rọ kékeré ọkọ̀ náà ń lò. Àwọn tó ń darí ìrìn rẹ̀ ní NASA ń ka nọ́ńbà kan náà bí newton, òṣùwọ̀n agbára mìíràn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 4.45. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé newton ni kí wọ́n lò. Àṣé kíkọ sínú ìwé kò tó bí kò bá sẹ́ni tó dán an wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé-iṣẹ́ yín. Ẹ bi ẹ̀ka òṣìṣẹ́ pé òṣìṣẹ́ mélòó ló wà, ẹ bi àwọn tó ń san owó oṣù, ẹ bi àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Iye mẹ́ta lẹ máa gbọ́, kò sì sí èyí tó parọ́. Ẹni tó wà lórí ìsinmi aláìgbowó wà nínú ìwé ẹ̀ka òṣìṣẹ́, kò sí nínú owó oṣù. Agbaṣẹ́ṣe ní káàdì, kò ní owó oṣù. Bí ilé-iṣẹ́ bá wá ń ra ẹ̀rọ olówó gọbọi nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó yanjú èyí, ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ẹ wo Estonia, orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù. Láti ọdún 2001 ni wọ́n ti ń lo X-Road láti so àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba wọn pọ̀. Wọn kò kó gbogbo dátà jọ sójú kan. Oníkálukú ń tọ́jú tirẹ̀, ẹni tó bá nílò rẹ̀ á béèrè, ìbéèrè náà á sì wà lákọsílẹ̀. Òfin wọn kò gbà kí wọ́n dá ibi ìpamọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún dátà kan náà. Ohun tí mo nífẹ̀ẹ́ sí nínú rẹ̀ nìyẹn: wọ́n ti pinnu ẹni tó ni kí ni.

Ẹnì kan béèrè pé ṣé kò ní sàn ká ra sọ́fítíwíà ńlá kan tó ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ó lè dín wàhálà kù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ yín bá ra ilé-iṣẹ́ mìíràn, ẹ ti ra sọ́fítíwíà tiwọn náà mọ́ ọn. Melvin Conway, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, sì ti kọ ọ́ lọ́dún 1968 pé bí àwọn ènìyàn bá ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni ohun tí wọ́n bá ṣe yóò ṣe rí. Ẹ̀ka méjì tí kì í ríra wọn kò ní fẹnu kò torí pé wọ́n jọ ń lo sọ́fítíwíà kan.

Ìbéèrè kejì wá láti ẹ̀yìn: sọ́fítíwíà àtijọ́ tí kò ní API, ìyẹn ọ̀nà tí sọ́fítíwíà mìíràn lè gbà bá a sọ̀rọ̀, ńkọ́? Ẹ má lé e dànù. Ẹ jẹ́ kó máa kọ fáìlì sílẹ̀ lálaalẹ́. Kí ìlà tó kẹ́yìn fáìlì náà sọ iye ìlà tó wà nínú rẹ̀ àti àpapọ̀ owó ibẹ̀. Kí ẹni tó gbà á ṣírò tirẹ̀. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, kó dá gbogbo fáìlì náà padà, kó má lo ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀.