Òru Kan ní Tẹ́ńpìlì Koyasan

DÈJÌ: Àǹtí Fọlákẹ́, ẹ kú àbọ̀ láti Japan. Wọ́n ní ẹ sùn sílé àwọn ẹlẹ́sìn Búdà!

FỌLÁKẸ́: Bẹ́ẹ̀ ni o. Koyasan, ní agbègbè Wakayama. Láti Osaka, mo wọ reluwé dé ẹsẹ̀ òkè, ọkọ̀ tí wọ́n ń fi okùn irin fà ló gbé mi gòkè. Tẹ́ńpìlì 117 ló wà lókè náà, bíi 50 nínú wọn ló ń gba àlejò sùn.

DÈJÌ: Ta ló ń tọ́jú àlejò?

FỌLÁKẸ́: Àwọn mọ́ǹkì ni, àwọn ẹlẹ́sìn tó ń gbé inú tẹ́ńpìlì. Ọmọkùnrin kan tó fárí kodoro ló gbé oúnjẹ mi wá, ó kúnlẹ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn.

DÈJÌ: Ọkùnrin kúnlẹ̀? Tiwa ìdọ̀bálẹ̀ ni!

FỌLÁKẸ́: Jẹ́ n sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Kò sẹ́ran, kò sẹ́ja, kódà kò sí àlùbọ́sà. Ṣùgbọ́n wọ́n lọ yánmọtí kúnná, wọ́n rò ó lórí iná títí ó fi dì, ó ń yọ̀ lẹ́nu bí ẹ̀kọ tútù. Wọ́n bu wasabi, ohun tó ń ta bí ata, tínńtín lé e lórí. Mo lá àwo yẹn mọ́!

DÈJÌ: Owó ńkọ́?

FỌLÁKẸ́: Bíi 15,000 yẹ́nì, oúnjẹ alẹ́ àti tàárọ̀ wà níbẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì lowó yẹn, àmọ́ ìwà ilé àdúrà ni wọ́n ń hù: wọn kì í jẹ́ kó pẹ́ lálẹ́ kí wọ́n tó ti géètì, ìdájí la sì ti jókòó níwájú pẹpẹ. Kí wọ́n tó parí orin wọn, ẹsẹ̀ mi ti kú tipiri.

DÈJÌ: Ẹ pẹ̀lẹ́ o.

FỌLÁKẸ́: Okunoin, ibi ìsìnkú wọn, ló wá yà mí lẹ́nu. Ibojì tó lé ní 200,000 lábẹ́ igi ràbàtà, ti Kukai, mọ́ǹkì tó dá Koyasan sílẹ̀, ló wà ní ìparí ọ̀nà. Ìtàn ní ó kú lọ́dún 835. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní irọ́ ni, àṣàrò ló wọ̀. Títí dòní, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ fún un.

DÈJÌ: Ọba kò so!

FỌLÁKẸ́: Ohun tí mo sọ lọ́kàn mi gan-an nìyẹn. Má sọ fún pásítọ̀ wa o.

DÈJÌ: Ṣé obìnrin tiẹ̀ ń wọbẹ̀?

FỌLÁKẸ́: Ọdún 1872 ni ìjọba fagi lé òfin tó lé wa sẹ́yìn. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn ilé kékeré lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní Nyonindo, ni obìnrin ń bá a dé.

DÈJÌ: Bí ìgbà tí orò bá jáde.

FỌLÁKẸ́: Tiwọn ò ní ọjọ́ tó ń wọlé ni.