Bí a ṣe ń tú 33550336 palẹ̀

Ẹ káàbọ̀. Ẹ mú bírò, ìwé àti ẹ̀rọ ìṣirò kékeré. Nọ́ḿbà tó wà lójú pátákó yìí ni 33550336. Tí a bá kó gbogbo nọ́ḿbà tó pín in láìṣẹ́kù jọ, tí a yọ òun fúnra rẹ̀ kúrò, tí a wá ro ìyókù pọ̀, òun náà la ó tún bá. Irú rẹ̀ là ń pè ní nọ́ḿbà pípé. Mẹ́rin péré ló ṣáájú rẹ̀: 6, 28, 496 àti 8128.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ máa dá a sí méjì. Ẹ kọ èsì kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀: 16775168, 8387584, 4193792, 2096896, 1048448, 524224, 262112, 131056, 65528, 32764, 16382, 8191. Ó dúró níbẹ̀, kò ṣeé dá sí méjì mọ́. Ẹ ka àwọn ìlà náà, 12 ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́. Tí a bá sọ 2 méjìlá di púpọ̀ pọ̀, 4096 ni. Nítorí náà, nọ́ḿbà wa jẹ́ 4096 × 8191.

Ibi tó kàn yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Ṣé prime ni 8191, ìyẹn nọ́ḿbà tí 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan lè pín láìṣẹ́kù? Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà jíjìn á fi gbogbo prime tí kò ju 90 lọ dán an wò, 24 sì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n 8191 jẹ́ 2 mẹ́tàlá tí a sọ di púpọ̀ pọ̀, tí a wá yọ 1 nínú rẹ̀. Pierre de Fermat, ará ilẹ̀ Faransé, ti rí i ní 1640 pé prime yòówù tó bá lè pín irú nọ́ḿbà bẹ́ẹ̀, tí a bá fi 13 lọ́nà méjì, ìyẹn 26, pín prime náà, 1 ni yóò ṣẹ́ kù. Láàárín 1 sí 90, 27, 53 àti 79 nìkan ló bá a mu. 27 kì í ṣe prime, ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ fi 53 pín 8191: 154 ló jáde, 29 ṣẹ́ kù. Ẹ fi 79 pín in: 103, 54 ṣẹ́ kù. Ó parí, prime ni. Pípín ẹ̀ẹ̀mejì péré! Ó dùn mọ́ mi nígbà gbogbo.

Ẹ wá ro àwọn tó pín 33550336 láìṣẹ́kù pọ̀. 1, 2, 4, 8 títí dé 4096 jẹ́ 8191. Àwọn tó kù ni 8191 × 1, 8191 × 2, títí dé 8191 × 2048. Àròpọ̀ wọn ni 8191 × 4095, ìyẹn 33542145. Ẹ fi 8191 kún un: 33550336.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn rò pé 2 mọ́kànlá tí a sọ di púpọ̀ pọ̀, tí a yọ 1 nínú rẹ̀, ìyẹn 2047, náà yóò ṣiṣẹ́ bíi ti 2 mẹ́tàlá. Ẹ wò ó: 1024 × 2047 jẹ́ 2096128. Ṣùgbọ́n 2047 jẹ́ 23 × 89, kì í ṣe prime. Àwọn tó ń pín in wá pọ̀ sí i, àròpọ̀ wọn sì di 2325392, ó ti kọjá.

Ohun méjì mìíràn tí ẹ lè yẹ̀ wò fúnra yín: ẹ to òkúta 1 sí ìlà kìn-ín-ní, 2 sí ìkejì, títí dé ìlà 8191, iye gbogbo òkúta náà jẹ́ 33550336. Bákan náà ni 1×1×1, 3×3×3, 5×5×5, títí dé 127×127×127, tí ẹ bá rò wọ́n pọ̀.