Kí Ló Kàn Ọ́ Níbẹ̀? Ìwọ Máa Tọ̀ Mí Lẹ́yìn (Ọ̀rọ̀ àti Àdúrà Àárọ̀ Yìí)

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ṣé ẹ jí ire? A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó jí wa. Jòhánù 21:18 dé 23 la máa kà láàárọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Jésù ti jíǹde, òun àtàwọn ọmọ-ẹ̀yìn jẹun tán létí òkun Tìbéríà, ló bá sọ fún Pétérù pé tó bá darúgbó, á na ọwọ́ ẹ̀, ẹlòmíì á sì mú un lọ síbi tí ò fẹ́. Bíbélì ní irú ikú tó máa kú ló ń sọ. Pétérù bojú wẹ̀yìn, ó rí Jòhánù, ó ní Olúwa, eléyìí ńkọ́? Jésù dá a lóhùn pé tóun bá fẹ́ kó dúró títí òun á fi dé, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀, ìwọ máa tọ̀ mí lẹ́yìn. Ẹ wá wo ẹsẹ 23 dáadáa. Ọ̀rọ̀ tàn ká láàrin àwọn ará pé Jòhánù ò ní kú, Bíbélì fúnra ẹ̀ ló wá tún un ṣe pé Jésù ò sọ bẹ́ẹ̀ o.

Ẹ ò rí nǹkan! Jòhánù fúnra ẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ikú ẹ̀ kiri báyìí, àwọn ará ló sì ń sọ ọ́, kì í ṣe ọ̀tá.

Bó ṣe rí náà nìyẹn lónìí. Ẹ ti rí lísìtì bí wọ́n ṣe pa àwọn àpọ́sítélì yẹn lórí Wọ́tsáàpù, tó ní wọ́n bó eléyìí láwọ láàyè, wọ́n fi ayùn rẹ́ tọ̀hún, tí wọ́n á to gbogbo àwọn àpọ́sítélì sílẹ̀ bíi pé inú Bíbélì ló wà. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ níwájú Ọlọ́run. Tí a bá yọ Júdásì kúrò, ẹnì kan péré nínú àwọn méjìlá ni Bíbélì ròyìn ikú ẹ̀, Jákọ́bù ọmọ Sébédè, tí Hẹ́rọ́dù Àgírípà fi idà pa ní nǹkan bí ọdún 44 (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 12:2). Ti Pétérù, lẹ́tà tí Clement, aṣáájú ìjọ àtijọ́ kan, kọ láti Róòmù ní nǹkan bí ọdún 96 sọ pé ó jìyà púpọ̀ kó tó lọ sínú ògo, kò dárúkọ àgbélébùú rárá, ìwé kan tó jáde ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, tí ò sí nínú Bíbélì wa, ló sọ pé wọ́n kàn án mọ́ ọn ní ìdoríkodò. Èmi gbà pé Pétérù kú fún Olúwa ní Róòmù, ṣùgbọ́n mi ò ní búra lé ìdoríkodò yẹn. Àwọn Kristẹni ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà gbà pé Tọ́másì ló mú ìhìnrere dé ọ̀dọ̀ àwọn, pé ọ̀kọ̀ ni wọ́n fi gún un pa nítòsí ìlú Chennai níbẹ̀ ní Íńdíà, ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lórí ibi tí wọ́n pè ní sàréè ẹ̀ títí dòní. Síbẹ̀ ẹnì kan tó ń jẹ́ Heracleon, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì yẹn náà, ka Tọ́másì àti Mátíù àti Fílípì mọ́ àwọn tí wọn ò kú ikú ajẹ́rìíkú. Bátólómíù ńkọ́? Àwọn kan ní wọ́n bó o láwọ, àwọn kan ní wọ́n bẹ́ ẹ lórí.

Ó ń dùn mí torí mo mọ ohun tó ń bí. Ọmọ tí a fi lísìtì yẹn kọ́ ní ìgbàgbọ́ dé yunifásítì, wọ́n fi hàn án pé púpọ̀ nínú ẹ̀ ò sí nínú Bíbélì, ó wá ń rò ó pé ṣé àjíǹde Jésù náà ò ní rí bẹ́ẹ̀. Àwa la lọ fi igi tó ti jẹrà ti ògiri tó ń dá dúró. Ohun tó dájú pọ̀ tó: wọ́n na àwọn àpọ́sítélì níwájú ìgbìmọ̀ ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n fi ayọ̀ jáde (Ìṣe 5:41), wọn ò sì yé jẹ́rìí pé àwọn rí Olúwa láàyè.

Ẹ tún wo Jákọ́bù yẹn. Ìyá ẹ̀ mú òun àti Jòhánù lọ bá Jésù pé kí ọ̀kan jókòó lọ́tùn-ún, ìkejì lósì, Jésù bi wọ́n bóyá wọ́n lè mu ago òun, wọ́n ní àwọn lè mu ún. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n o. Ọ̀kan tètè kú lójú idà, èkejì, bí Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́ kan, ṣe kọ ọ́, gbé Éfésù títí di ayé Trajan tó gorí oyè ní Róòmù lọ́dún 98. Nínú Ìṣe 12 kan náà tí wọ́n ti pa Jákọ́bù ni áńgẹ́lì ti yọ Pétérù lẹ́wọ̀n, Bíbélì ò sì sọ ìdí ẹ̀ fún wa. Ikú Jákọ́bù gba ẹsẹ kan, tàwọn yòókù ò tiẹ̀ ní ẹsẹ kan, ṣùgbọ́n ẹ ṣí Ìfihàn 21:14, orúkọ àwọn méjèèjìlá ni Ọlọ́run kọ sára ìpìlẹ̀ ìlú mímọ́, kò kọ bí wọ́n ṣe kú.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, dárí jì wá níbi tí a ti fi ohun tí ò dá wa lójú wàásù, tí a ní ìwọ lo sọ ọ́. Fi òtítọ́ sẹ́nu wa lórúkọ Jésù.

Olúwa, àwọn ọmọ wa tí ìgbàgbọ́ wọn ń mì torí ohun tí wọ́n kà, má jẹ́ kí wọ́n sọnù, fi ara ẹ hàn wọ́n bó o ṣe fi hàn Tọ́másì.

Àwọn tí wọ́n ń pa nítorí orúkọ ẹ lónìí, tẹ́nikẹ́ni ò ní kọ ìtàn wọn, Jésù, dúró tì wọ́n, gba ẹ̀mí wọn, tu ìyá wọn nínú, tu ọmọ wọn nínú.

Ẹni tó ń wo ẹnì kejì ẹ láàárọ̀ yìí, tó ń bi ọ́ pé Olúwa, eléyìí ńkọ́, kí ló dé tí tèmi fi le báyìí, Baba, dá a lóhùn, fún un lágbára láti máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn lónìí.

Bóyá ọjọ́ Jákọ́bù lo fún wa àbí ọjọ́ Jòhánù, Olúwa, má jẹ́ ká sẹ́ ọ. Lórúkọ Jésù la gbàdúrà. Àmín.