Bàbá Tó Ti Ojú Ogun Dé Tó Tún Gun Òpó Iná

Ẹ káàbọ̀. Ẹ bá mi wo orí pẹpẹ yìí dáadáa. Àsíá Amẹ́ríkà ni wọ́n ká sí onígun mẹ́ta nínú àpótí onígíláàsì yẹn. Irin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹnu wọn rí ṣóńṣó, tí awọ ara wọn ti gbó, irin ìgun-òpó ni. Ẹnì kan náà ló ni gbogbo rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ológun nígbà èwe, ó padà délé, ó di òṣìṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná, ó fẹ́yàwó, ó bímọ, ó sì tọ́ wọn yanjú. Irú bàbá bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ohun tí àwọn ọmọ wọn sì sábà máa ń sọ ni pé, "Bàbá wa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀." Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí iṣẹ́ wọn ń sọ.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1944, tí Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì parí, Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí òfin tí a mọ̀ sí GI Bill, tó ń sanwó ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ti ojú ogun dé. Àwọn tó wọṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà nígbà ogun yẹn lé ní mílíọ̀nù 16, nǹkan bíi mílíọ̀nù 7.8 nínú wọn ló sì fi òfin yìí kẹ́kọ̀ọ́. Ìtàn àwọn tó lọ sí yunifásítì la máa ń gbọ́ jù, bẹ́ẹ̀ wọn ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.2 lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn yòókù, ẹnu iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n gbà lọ, iṣẹ́ sì ń dúró dè wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, nínú oko mẹ́wàá ní Amẹ́ríkà, bí ẹyọ kan ló ní iná. Ọdún 1935 ni ìjọba dá àjọ tó ń mú iná dé ìgbèríko sílẹ̀. Lẹ́yìn ogun, òpó ṣì pọ̀ láti rì, wáyà ṣì pọ̀ láti fà.

Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe rí? Ẹni tó bá ti rí ọ̀kọ̀pẹ pẹ̀lú igbà rẹ̀ ti mọ ìdajì. Bẹ́líìtì aláwọ á yí òpó ká, irin ẹsẹ̀ á gún igi, ọkùnrin náà á sì máa fi ìwọ̀n ara rẹ̀ gòkè. Ìdajì kejì ló ń pani. Wáyà tó ń kọjá lójú pópó sábà máa ń gbé 7,200 volt. Nǹkan bí ọdún mẹ́rin lọmọ iṣẹ́ fi ń kọ́ ọ kó tó gba fúríídọ̀mù. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ló ń wọ̀, pẹ̀lú aláwọ lórí rẹ̀, á sì kọ́kọ́ fi afẹ́fẹ́ kún ti rọ́bà náà lójoojúmọ́ láti mọ̀ bóyá ó ti lu. Ihò bíi ojú abẹ́rẹ́ tó láti sọ ìyàwó ẹni di opó.

Kì í ṣe pé mo ń dẹ́rù bà yín. Ní 1891, àwọn mẹ́wàá pàdé ní St. Louis, wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ oníná sílẹ̀. Henry Miller, tí òun náà ń gun òpó, ni wọ́n fi ṣe ààrẹ. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà, ní Washington, iná gbé e lẹ́nu iṣẹ́, ó já bọ́, ó sì kú.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, nítorí ó kan gbogbo ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀. Bí ìjì bá já wáyà, tí ẹnì kan wá so jẹnẹrétọ̀ mọ́ iná ilé rẹ̀ láì kọ́kọ́ yọ ilé náà kúrò lára wáyà ìta, iná á gba ẹ̀yìn jáde. Tiransifọ́mà tó ń sọ 7,200 volt di 240 fún ilé, òun náà ni yóò sọ 240 yẹn padà di 7,200. Ẹni tó wà lórí òpó níwájú rò pé wáyà ti kú. Ìdí nìyí tí kì í fi í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́: á dán wáyà wò fúnra rẹ̀, á sì fi okùn irin so ó mọ́ ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì ibi tó ti fẹ́ ṣiṣẹ́.

Ẹ wá fi ojú yẹn wo bàbá yẹn nílé. Ó ń yẹ ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Kò jẹ́ kọ́mọ fọwọ́ tútù kan ṣọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ lóru, á ti jí kí fóònù tó dún. Lójú tèmi, bó ṣe ń sọ pé òun fẹ́ràn wọn nìyẹn. Ojú ogun kọ́ ọ pé àìbìkítà ẹnì kan lè pa ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí òpó tún un kọ́ ọ.

Ìyàwó náà ní tirẹ̀. Nígbà ìjì, wákàtí mẹ́rìndínlógún lọ́jọ́ kan kò ṣàjèjì sí wọn, ó sì lè jẹ́ ìlú òdìkejì ni wọ́n máa rán ọkọ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìjì Sandy, ní 2012, ọkọ̀ òfurufú ológun ló gbé òṣìṣẹ́ iná àti ọkọ̀ iṣẹ́ wọn láti California lọ sí New York. Ìyẹn wú mi lórí gan-an. Mo máa ń ronú nípa ẹni tó ti jagun rí láàárín wọn, tó tún bá ara rẹ̀ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú irin ìgun-òpó lẹ́sẹ̀.

Tí bàbá bá kú, ó kéré tán, ológun méjì á wá. Wọ́n á fun fèrè Taps, orin ìdágbére àwọn ológun, ohùn 24 péré, tó ti wà láti 1862. Wọ́n á ká àsíá náà ní ìgbà 13 títí yóò fi ku kìkì búlúù àti ìràwọ̀, wọ́n á sì kúnlẹ̀ gbé e lé ìyàwó lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, àwọn tí wọ́n jọ ń gun òpó náà á wá pẹ̀lú ọkọ̀ méjì, wọ́n á na apá irin gígùn tó wà lára ọkọ̀ náà sókè, wọ́n á ta àsíá ńlá sáàárín, kí òkú gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí òjò bá sì ṣú lọ́jọ́ náà, ibi ìsìnkú gan-an làwọn kan nínú wọn á ti gba ẹnu iṣẹ́ lọ.