Gift: Ẹ̀bùn ní London, Májèlé ní Berlin

Bí ẹ bá rí ìgò kan ní Berlin tí wọ́n kọ Gift sí lára, tí wọ́n ya agbárí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má rà á lọ síbi ọjọ́ ìbí o. Májèlé ni. (Àwọn olùgbọ́ rẹ́rìn-ín.) Bẹ́ẹ̀, ẹ̀bùn ni ọ̀rọ̀ yìí gan-an lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn kan á ní ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Rárá o, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń jẹ́ "fún" ló bí wọn: give ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, geben ni ti Jámánì. Kí ni májèlé wá ń wá níbẹ̀? Ẹ bi àwọn oníṣègùn. Àwọn Gíríìkì ń pe ìwọ̀n oògùn tí wọ́n fún aláìsàn ní dosis, ìyẹn "fífúnni". Látìn gbà á lò, òun ló di dose lọ́dọ̀ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Jámánì ní tiwọn fi èdè wọn pè é: Gift. Díẹ̀díẹ̀, ìtumọ̀ burúkú gbé èyí tó dára mì. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Àwa náà kì í sábà dárúkọ májèlé. "Wọ́n fún un jẹ" la máa ń wí, ó sì ti yé gbogbo ilé. Àdàpè olè ní ń jẹ́ "ọmọ ń fẹ́wọ́". Poison ti Faransé pàápàá, "ohun mímu" lásán ni nínú Látìn.

Ìtumọ̀ àtijọ́ ò kú tán ní Jámánì: Mitgift ṣì ni ẹrù tí ìyàwó ń gbé bọ̀ láti ilé bàbá rẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, gift kì í ṣe ẹ̀bùn bí kò ṣe owó orí ìyàwó. Bí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹlẹ́ni púpọ̀ (plural), ìgbéyàwó ló túmọ̀ sí. "Yift" ni wọ́n sì ń pè é. Àwọn Viking, jagunjagun orí omi láti àríwá Yúróòpù, tó wá tẹ̀dó sí England ló mú "g" líle àti ìtumọ̀ ẹ̀bùn wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá wa jà nítorí ọ̀rọ̀ àyálò nínú Yorùbá, ṣé ẹ gbọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì náà yá? Ní Sweden, gift ni májèlé, gift náà ni ẹni tó ti ṣègbéyàwó. Àwọn fúnra wọn ló ń fi ṣe àwàdà, kì í ṣe èmi.

Mo fẹ́ kọjá sí Netherlands nígbà tí ìyá kan béèrè láti ẹ̀yìn: "Ọ̀gá, ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá jọra ló jẹ́ ọmọ ìyá?"

Ẹ ṣeun, mà. Mo pa ìwé mi dé. Burro ni bọ́tà ní Ítálì, burro ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní Sípéènì. Ìyá wọn yàtọ̀ pátápátá. Èyí tó tún le jù ni haben ti Jámánì àti habere ti Látìn. Ìró jọra, ìtumọ̀ jọra, "ní" ni méjèèjì, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ìbátan! Ìdí ni pé níbi tí Látìn bá ti ní ìró "k" ("c" ni wọ́n ń kọ ọ́) ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, "h" ni Jámánì máa ń ní nínú ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ìbátan rẹ̀: cornu bá Horn mu, ìwo; centum bá hundert mu, ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà capere, "mú", ni ìbátan haben. Jacob Grimm, onímọ̀ èdè ará Jámánì, ti to òfin yìí sílẹ̀ ní 1822. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó jọra sọ pé Íjíbítì ni Yorùbá ti wá, òfin tiyín dà?

Alága ti ń lu aago. Netherlands: gift ni ẹ̀bùn, gif ni májèlé. Sípéènì: embarazada jọ embarrassed ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n aboyún ló túmọ̀ sí, Gẹ̀ẹ́sì tó bá fẹ́ sọ níbẹ̀ pé ojú ń ti òun, kó ṣọ́ra.